Ìtàn Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì, àti Èyí Tó Ń Dípẹtà Nínú Sítọ̀ Yín

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ajílẹ̀, kò sì jẹ mọ́ oògùn kòkòrò. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tí àwọn onígẹdú ń pè ní ṣéènì-sọ́ọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ onígẹdú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo lọ bá ẹgbẹ́ àwọn olóko kòkó kan sọ̀rọ̀ nípa bí wọn yóò ṣe fi ọ̀dọ́ kòkó rọ́pò èyí tó ti darúgbó. Lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣí sítọ̀ fún mi kí n lè wo ẹ̀rọ ìfúnkòkó wọn. Abẹ́ òkìtì àpò ni mo ti rí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan. Abẹ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ wúwo, eruku àti òróró sì ti dì mọ́ ọn lára bí ìpẹ́. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́.

Bí mo ṣe béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Akápò ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, kí owó wọ àpò ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀wẹ̀, kàbúrétọ̀ lásán ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé bí àwọn bá fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ilẹ̀ kò ní í mọ́ tán lọ́la kí àwọn tó gbé e wọ oko. Baba àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Òrùlé tí ẹ ń jà lábẹ́ rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ yẹn ló gé pákó rẹ̀." Gbogbo wọn wá kọjú sí mi pé kí ọ̀gá dá a.

N kò dá a lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí ayùn náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí a bí ayùn kò lè mọ ohun tí kò sí lára rẹ̀. Ìtàn tí mo sọ fún wọn nígbà tí mo padà lọ ni mo kọ síbí.

Ọwọ́ àwọn dókítà ni ṣéènì eléyín ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè má gbà mí gbọ́. Láàárín ọdún 1780 sí 1790, àwọn dókítà 2 ní Scotland, John Aitken àti James Jeffray, ń lo ṣéènì kékeré eléyín wẹ́wẹ́ láti gé egungun. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á síwá sẹ́yìn. Lára ohun tí a lò ó fún ni obìnrin tó ń rọbí tí ọ̀nà kò gba ọmọ jáde, ní ayé ìgbà tí kò sí oògùn tó ń pa ìrora. Ní 1830, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Bernhard Heine wé irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ yí irin pẹlẹbẹ po, ó sì fi ohun èlò ìyí sí i, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti ń yí i ni ṣéènì ń sáré yí irin náà ká. Ìyẹn gan-an ni ayùn tiwa ń ṣe títí dòní. Egungun ló kọ́kọ́ gé kó tó kan igi, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn yín.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, àáké ni nínú igbó. Àwọn baba ńlá wa tó gé ọ̀gánwó àti ìrókò fún àwọn òyìnbó oníṣòwò máa ń kan àkàbà àti pèpéle yí ìdí igi ká, kí wọ́n lè ga ju ibi tí gbòǹgbò ti fẹ̀ bí ògiri, wọn a sì dúró sórí pèpéle náà láti máa fi àáké gé e. Bí igi bá wó tán, tí wọ́n bá fẹ́ là á sí pákó, wọn a gbẹ́ kòtò sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kan á wà nínú kòtò, wọn a máa fa ayùn gígùn láàárín ara wọn, èérún igi a sì máa dà sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Ẹni tó bá rí baba tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, kí ó bi í léèrè bí èjìká rẹ̀ ṣe rí.

Ní 1926 ni Andreas Stihl, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, ṣe ayùn oníṣéènì tó ń lo iná mànàmáná. Kìlógíráàmù 64 ni ó wọ̀n. Ẹ̀yin olóko kòkó, ẹ fojú inú wò ó. Kí ẹ gbé odidi àpò kòkó tí ẹ ti dì fún títà dání, kí ẹ sì máa fi gé igi! Ènìyàn 2 ló ń gbé e, ọ̀kan nídìí ẹ́ńjìnnì, èkejì nímú abẹ. Níbo ni iná sì wà nínú igbó? Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1927, ará Jámánì mìíràn, Emil Lerp, gbé ayùn tó ń lo bẹntiróòlù lọ sórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Dolmar ní agbègbè Thuringia láti dán an wò. Ó ṣiṣẹ́, ó sì fi orúkọ òkè náà sọ ẹ̀rọ rẹ̀. Kìlógíráàmù 58 ni tirẹ̀. Nígbà tí Stihl náà ṣe ti bẹntiróòlù ní 1929, ó ti fà á wálẹ̀ sí kìlógíráàmù 46, ṣùgbọ́n ènìyàn 2 ṣì ni.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ ni ìṣòro wọn. Inú kàbúrétọ̀ ìgbà náà, ohun kan wà tó ń léfòó lórí epo bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi, òun ló ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń tì í. Bí ẹ bá dojú ẹ́ńjìnnì kọ ẹ̀gbẹ́, ohun náà kò mọ òkè mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́, epo á sì ṣe bó ti wù ú. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán nígbà gbogbo, abẹ nìkan ni wọ́n ń yí sí òró tàbí sí ìbú. Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945 ni kàbúrétọ̀ mìíràn tàn kálẹ̀, èyí tó ń fi ráábà fẹ́lẹ́ kan fa epo bí àyà ṣe ń fa èémí. Kò sí bí ẹ ṣe dojú rẹ̀ kọ tí kò ní í ṣiṣẹ́. Ráábà fẹ́lẹ́ yìí ló mú kí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ayùn, kó sì gé igi bó bá ṣe fẹ́. Òun náà ni ohun àkọ́kọ́ tó ń kú lára ayùn tí a bá pa tì sí kọ̀rọ̀. A óò padà sórí rẹ̀.

Nǹkan kejì tó yí iṣẹ́ náà padà ti ọ̀dọ̀ kòkòrò wá. Ṣéènì àkọ́kọ́ ní eyín ṣóńṣó bíi ti ayùn ọwọ́, ó ń họ igi ni, kì í gé e dáadáa, ó sì ń kú lẹ́nu kíákíá. Ní 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, ń la igi, ó sì rí ìdin kòkòrò ńlá kan tó ń jẹ igi náà lọ ràì. Irú ìdin bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà ti bá pàdé nínú igi jíjẹrà. Ó jókòó tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó rí i pé ìdin náà kì í họ igi rárá. Eyín rẹ̀ 2 tó tẹ̀ kọdọrọ ló ń fi bù ú sí òsì, tó ń fi bù ú sí ọ̀tún. Ní 1947 Cox ti ń ta ṣéènì tí a fi ṣe àwòkọ ẹnu ìdin náà. Ẹ mú ṣéènì tó wà lọ́wọ́ yín wò lónìí, ẹ ó rí i pé eyín kan kọjú sí òsì, èyí tó tẹ̀lé e kọjú sí ọ̀tún. Èmi ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu kí á máa pa ìdin, n kò rò ó rí pé a lè kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yá. Ní 1949, ilé-iṣẹ́ McCulloch ní Amẹ́ríkà gbé ayùn kan jáde tí kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 11 lọ. Ní 1959, Stihl gbé èyí tí wọ́n pè ní Contra jáde, tí kò ní jíà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣéènì mọ́, tí ṣéènì rẹ̀ sì ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa. Ọdún 1959 náà ni Husqvarna ti Sweden ṣe ayùn àkọ́kọ́ tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìbọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní 1689. Nínú ìran Contra ni 070 ti jáde, tí inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gba 106 cc. Láàárín àwọn onígẹdú wa, 070 ni orúkọ tí etí mi gbọ́ jù lọ. Ó lágbára, ó rọrùn láti tú, mẹkáníìkì ọ̀kadà sì lè mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986 tí náírà wá já wálẹ̀, ayùn tuntun di ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn èèyàn wá di ti àtijọ́ mú, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tún un tún ṣe. Ìdí nìyí tí ayùn tó yẹ kó ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Jámánì fi wà nínú sítọ̀ yín. Ní báyìí, àwọn ará China ń ṣe àdàkọ 070, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà, èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Ibi tí mo ń lọ nìyí o. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ní Japan, Sweden àti Britain rí i pé ìka àwọn tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ń funfun bí ẹfun nígbà òtútù, tí wọn kò sì fi í mọ nǹkan kan lára mọ́. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà ló ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ọwọ́ jẹ́. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ráábà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí a ń dì mú. Lẹ́yìn náà ni ti bíréèkì. Ní 1972 àti 1973, ní Jámánì àti Sweden, ni ayùn tó ní bíréèkì ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí jáde, irú tó jẹ́ pé bí ayùn bá ta sókè, ṣéènì á dúró gbọnin kó tó kan ènìyàn.

Ìtàpá ayùn ni wọ́n ń sá fún. Ṣéènì tó wà lókè abẹ ń sáré lọ síwájú, á wá yí wálẹ̀ ní imú abẹ. Bí apá òkè imú abẹ náà bá kan igi, eyín á há, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì á sì ta abẹ sókè àti sẹ́yìn, sí ojú àti èjìká ẹni tó dì í mú. Kì í tó kí ẹ ṣẹ́jú. Mo wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gé igi tó wó sínú oko àgbàdo. Kò rí kùkùté tó wà lẹ́yìn ewé, imú abẹ kàn án. Mo gbọ́ ìró kan ṣoṣo, mo sì rí fìlà rẹ̀ nílẹ̀ ní méjì. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kàn bó. Ayùn àtijọ́ ni, kò ní bíréèkì. Àpá náà wà níbẹ̀, òun náà kò sì fọwọ́ kan ayùn mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ayùn yín jáde, ẹ kọ́kọ́ wo iwájú ibi tí ọwọ́ òsì ti ń dì í mú. Bí kò bá sí irin tàbí rọ́bà gbàgbàrà tó dàbí asà níbẹ̀, tí ẹ lè tì síwájú kó dún kọ́, kò ní bíréèkì nìyẹn. Ẹ wo bóyá ráábà wà láàárín ibi ìdìmú àti ẹ́ńjìnnì. Bí irin bá kan irin, ọwọ́ yín ni yóò gba gbogbo gbígbọ̀n rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé lò. Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ níye, ẹni tí yóò sì lò ó gbọ́dọ̀ níye.

Bí a ṣe ń jí i ńkọ́? Ẹ má tíì da epo sí i. Ẹ mú okùn tí a fi ń fà á, kí ẹ jẹ́ kí ayùn náà fi ara rẹ̀ rọ̀ sórí okùn. Bí ó bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó ń tún wálẹ̀, agbára ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ríìngì tàbí písítìnnì ti lọ. Ẹ tú sàlẹ́ńsà, kí ẹ yọjú wo písítìnnì láti ojú ihò náà. Bí ara rẹ̀ bá ń dán, ó dára. Bí ẹ bá rí ilà tó họ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ayùn náà ti gbóná jù rí, ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan.

Lẹ́yìn náà, iná. Ọ̀pọ̀ ayùn àtijọ́ ń lo kọ́ńtáàtì lábẹ́ fáìwíìlì, ojú rẹ̀ a sì máa dípẹtà bí a bá pa á tì. Ẹ fi bébà tó mọ́ nù ún. Àyè tó yẹ kó wà láàárín rẹ̀ bó bá ṣí tó nǹkan bíi 0.4 mm, ìyẹn nípọn bíi káàdì pélébé tí àwọn oníṣòwò ń fi orúkọ wọn sí. Ẹ pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, kò wọ́n. Nínú kàbúrétọ̀, ráábà fẹ́lẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn yóò ti le bí awọ gbígbẹ. Fífọ̀ kò lè jí i, àní kí ẹ fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí àwọn mẹkáníìkì wa ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ọ́ìlì síìlì, rọ́bà róbótó 2 tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀pá ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa wọlé níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò ṣí o, inú gbogbo èèyàn á dùn, a ó san owó iṣẹ́. Àmọ́ ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìnnì yọ̀ inú epo ló wà. Afẹ́fẹ́ àjèjì yìí á mú kí epo kéré, ọ́ìlì náà á kéré, ẹ́ńjìnnì á máa han gooro, kí ó tó di ọjọ́ kẹta písítìnnì á lẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, tàbí kí ohùn rẹ̀ yí padà bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́. Owó síìlì 2 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnnì. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì títí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀.

Epo rẹ̀, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń po ọ́ìlì mọ́ ni. Fún ayùn àtijọ́, ẹ lo ọ́ìlì ìdá 1 sí bẹntiróòlù ìdá 25, ìyẹn ni mílílítà 200 sí lítà 5, kí ẹ sì pò ó nínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó rọ ọ́ sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ da epo inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó jó èyí tó kù nínú kàbúrétọ̀ tán. Ọ́ìlì tí ṣéènì ń lò yàtọ̀, ẹ má fi ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú mọ́tò sí i, nítorí èérún irin inú rẹ̀ ń jẹ abẹ, ó sì ń ta sí ẹni tó ń gé igi lára.

Ní ti pípọ́n, ẹ wo ohun tó ń jáde. Bí ó bá jẹ́ èérún gbàgìgbàgì, eyín mú. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun bíi gàrí, ó ti kú, ẹ má sì fi agbára tì í. Fáìlì róbótó ni, ti ṣéènì 070 jẹ́ 5.5 mm. Ẹ dà á kọ ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 30, kí ẹ sì fà á ní iye kan náà fún eyín kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ayùn á máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣéènì kò gbọdọ̀ yí rárá. Bí ó bá ń yí, ẹ kò tíì tún un ṣe tán.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ lókè yìí tún tiwọn ṣe. Owó tó lọ sí i kò pọ̀ tó èyí tí akápò ń bẹ̀rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kùn títí a fi parí rẹ̀. A tú u, a sì rí i pé bíréèkì kò sí lára rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣòfin. Igi tó ti wó sílẹ̀ nìkan ni yóò máa gé, kò ní í gé igi tó dúró, nítorí igi tó dúró ń fẹ́ ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn onígbó ìjọba, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gé. Kò ní í ga kọjá èjìká. Ọwọ́ 2 ni yóò wà lára rẹ̀, àtàǹpàkò á sì yí ibi ìdìmú ká. Ẹnì kan kò ní í lò ó ju wákàtí 1 lọ kó tó fún ẹlòmíràn. Ènìyàn 2 péré ni wọ́n yàn, àwọn 2 náà sì ra bàtà tó bo kókósẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gbé e lọ oko lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà nínú àwọn 2 yìí. Òun ló ń pọ́n ṣéènì. Ayùn wà nínú sítọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Akọ̀wé ló ń yọ ọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí, á fi bébà wé e, á sì tì í mọ́ inú àpótí owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi á kọ́kọ́ wá buwọ́ lùwé kó tó gbà á.